Bí A Ṣe Ń Mọ Ìkòkò Pupa Ẹlẹ́nu Dúdú ti Íjíbítì Àtijọ́

Kí Fáráò kankan tó jọba lórí gbogbo Íjíbítì ni àwọn amọ̀kòkò Badari àti Naqada, ní apá gúúsù ilẹ̀ náà, ti ń mọ ìkòkò tí ara rẹ̀ pupa, tí ẹnu rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò kò tíì dé nígbà náà, ọwọ́ ni. Ẹnu dúdú yẹn kì í ṣe ọ̀dà, iná ló ń ṣe é.

Ẹrẹ̀ odò Náílì, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ni amọ̀ wọn. Amọ̀ pupa ibòmíràn náà lè ṣe é. Ẹ po ó mọ́ omi, kí òkúta rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ da omi ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lókè sínú ike mìíràn, kí ó dì. Ẹ wá pò ó títí tí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú rẹ̀.

Ẹ yí amọ̀ gbọọrọ bí ìka ọmọńdinrín, ẹ tò ó léra wọn ní òrùka-òrùka, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan pa. Èyí tí ẹ bá gbójú fò ni yóò là nínú iná. Kí ara ìkòkò nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 5, kó sì dọ́gba.

Ibi dídán ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbé e sí òjìji títí tí èékánná yóò fi lè fa ìlà sí i láì lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ lọ ilẹ̀ pupa kúnná, ẹ po ó bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi ra á lára, kí ẹ sì fi òkúta odò tó jọ̀lọ̀ dan án. Bí amọ̀ bá tutù jù, òkúta yóò hú u. Bí ó bá gbẹ jù, yóò kàn máa họ ọ́ ni.

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan ni kó fi gbẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ yá a nítòsí iná, nítorí omi tó bá kù nínú rẹ̀ yóò di oru, ìkòkò á sì fọ́ yángá.

Ẹ wá da ojú rẹ̀ délẹ̀ sínú ìyàngbò, kó wọlé dé ibi tí ẹ fẹ́ kó dúdú. Ẹ fi igi àti imí màlúù gbígbẹ sun ún. Afẹ́fẹ́ ń dé ara rẹ̀, irin inú amọ̀ á pupa. Kò dé ẹnu rẹ̀, èéfín ìyàngbò á wọnú amọ̀ lọ. Inú ìkòkò náà sábà máa ń dúdú. Ẹ má ṣí i kó tó tutù pátápátá: bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nígbà tó ṣì gbóná janjan, dúdú yẹn á jó kúrò, ẹnu á wá rí bí eérú.