Ìsoríkọ́: ṣé kí n lọ sọ ọ́ jáde ni àbí kí n gba oògùn?

Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí léèrè ní Ṣábọ̀ Ìkòròdú níbí lóṣù yìí, wọ́n mọ̀ pé ó ti ṣe èmi náà rí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ kí n sinmi ẹnu.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsoríkọ́ ni o. Inú tó bàjẹ́ fọ́jọ́ méjì torí lánlọ́ọ̀dù fowó kún owó ilé kọ́ là ń wí. Tó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí gbogbo nǹkan sú yín, oorun ò wá, oúnjẹ ò lọ lọ́fun, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù yín mọ́, ẹ lọ ọsibítù Jẹ́nẹ́rà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò náà, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń jọ ọ́ nígbà míì.

"Ṣé màá wá sanwó fẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ mi ni, ṣé mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ ni?" Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ á ní "fara dà á, Ọlọ́run ń bẹ". Tẹ́rápísìtì, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sísọ wo ìsoríkọ́, ò ní sọ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ ó máa rí i, ó lè tó ìgbà 8 sí 20, ẹ ó jọ mú èrò kan, bíi "mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni", ẹ ó ṣà á bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, á tún fún yín níṣẹ́ ṣe nílé. Tí nǹkan náà ò bá tíì le jù, èyí nìkan lè tó, ọgbọ́n tẹ́ ẹ bá sì kọ́ níbẹ̀ á ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè dìde wẹ̀, tẹ́nu ẹ̀ ò ṣí, kí ló fẹ́ sọ fún tẹ́rápísìtì? Oògùn ló máa kọ́kọ́ gbé irú wọn dìde, tàbí kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀, ìyẹn gan-an ló dáa jù tó bá le. Fluoxetine àti sertraline làwọn dókítà sábà máa ń kọ. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ rèé: ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi níbi tí mo lọ, èébì ń gbé mi, ara ò yá, ni mo bá dà á nù lọ́jọ́ kẹwàá. Ẹ má ṣe bíi tèmi jàre. Tára bá yá tán pàápàá, ẹ ṣì lò ó tó oṣù 6 sí i, kí dókítà wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ tramadol tàbí páràgà o, tẹ́ ẹ bá ń mu àgbo ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹni tí ò bá tíì pé ọmọ ọdún 25, kí ará ilé máa ṣọ́ ọ láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí èrò ikú lè pọ̀ sí i.

Tí èrò àtipa ara ẹni bá ti wà nílẹ̀, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó, ọsibítù lónìí yìí, kẹ́nì kan má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Láti Gáréèjì dé ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Yaba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, ìyẹn nìkan tó kó ìsoríkọ́ báni (ọkọ mi tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá rí wa ní Yaba wọ́n á ní orí mi ti dàrú). Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa ṣe é lórí fóònù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lèmi ti ń ṣe tèmi, kọ́sítọ́mà á kanlẹ̀kùn, màá ní ẹ ní sùúrù, mò ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.