Nígbà tí ìlà EEG bá jọ ti wárápá: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Òṣogbo

Àwọn dókítà tí mo ń kọ́ ní kíka EEG, ẹ̀rọ tó ń kọ iná ọpọlọ sílẹ̀ bí ìlà, ló bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìgbì kan ń tẹ̀léra wọn lápá ọ̀tún orí ìyá àgbà kan fún ìṣẹ́jú méjì. Mo kọ ọ́ pé wárápá ló gbé wọn. Ṣé mo gbà á?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ kò wo fídíò aláìsàn tí a ń yà pọ̀ mọ́ EEG. Nígbà tí a jọ ṣí i, ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń run orín. Ìgbì tí ẹnu àti ọwọ́ bá dá sílẹ̀ máa ń rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ti wárápá sábà máa ń yí padà bó ti ń lọ: ìyára rẹ̀ á yí, á tóbi sí i, á sì ràn dé ibòmíràn lórí. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tí a bá ṣèèṣì pè ní oníwárápá lè fi ọ̀pọ̀ ọdún lo oògùn tí kò nílò, kí àwọn èèyàn sì máa yẹra fún un.

Ìbéèrè: Ìlà kan ṣoṣo ló ń ta ṣónṣó, àwọn tó yí i ká dákẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn irin kékeré tí a lẹ̀ mọ́ orí láti gbà iná ọpọlọ. Ohun tó bá ti inú ọpọlọ wá sábà máa ń hàn díẹ̀ lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà kan, láàárín irun ṣùkú la ti bá èyí tó ti ṣí, tí ìpara irun ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú irun, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó tún un lẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń ka EEG wákàtí 24 tán?

Ìdáhùn: Bí ojú ìwé kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10, ojú ìwé 8,640 nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ará ilé aláìsàn ti tẹ bọ́tìnnì láti sàmì sí ìgbà tí wọ́n rí i pé nǹkan ń ṣe é, kí ẹ wá kọjá sí oorun, nítorí oorun máa ń tú àmì wárápá síta. Ṣùgbọ́n ìgbì ṣónṣó tó máa ń yọ láàárín orí nígbà tí oorun bá ń gbé èèyàn lọ kì í ṣe àìsàn.

Ìbéèrè: Bí a kò bá rí nǹkan kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn kò ní kí ó má jẹ́ wárápá. Ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣubú, kí ẹ bi í bóyá ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tàbí ó pa dé, apá wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, àti bó ti pẹ́ tó kí ó tó dá èèyàn mọ̀.