Ka àwáwí mẹ́ta kí o tó lanu

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ọmọ ìjọ ni mí, mi ò kì í ṣe Júù, àmọ́ ọgbọ́n àwọn rábì, àwọn olùkọ́ òfin Júù, ni mo fi ń parí ìjà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Yáàdì méjì léèsì ló fà á. Mo lé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ sílé pé ó jí i. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí pé èmi fúnra mi ni mo gbé e fún ìyá tó ń bá wa lẹ sitóònù ní Mọ́kọ́lá. Níwájú bàbá rẹ̀ ni mo ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, má gbọ́ tẹnu ẹnìkan. Talmud, ìwé ńlá tí òfin àti ìtàn àwọn rábì wà, ní adájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kí ìkejì tó dé. Àwa náà kúkú ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí oníbàárà bá wá fi ọmọ sùn mí, màá ní, "Ẹ jókòó mà, ẹ jẹ́ kó ti ibi tó ti lọ ra òwú dé." Ẹlòmíràn á ti rẹ́rìn-ín kó tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, bá ẹni tí wọ́n fi sùn wá àwáwí mẹ́ta. Talmud yìí kan náà sọ ti ọkùnrin Gálílì kan tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún ọ̀gá kan. Nígbà tí Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ àwẹ̀ ńlá àwọn Júù, ku ọ̀la, ó béèrè owó rẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí. Ilẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Ẹran ọ̀sìn? Kò sí. Ìrọ̀rí pàápàá, kò sí. Ọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ọ̀gá kó owó rẹ̀ àti ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta wá bá a, ó bi í pé kí ló rò sí òun nígbà tí òun ní kò sí. Ọkùnrin náà ní: owó, bóyá ẹ rí ọjà ọ̀pọ̀ ẹ fi rà á, ẹran, bóyá ẹ ti fi háyà, ìrọ̀rí, bóyá ẹ ti ya gbogbo ohun ìní yín sí mímọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ìtàn yìí jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ o! Deutarónómì 24:15 ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ wa. Ẹni tí mo bá gbà fún ọjọ́ kan lásìkò Iléyá, kó tó palẹ̀ abẹ́rẹ́ mọ́ ni mo ti sanwó rẹ̀.

Ní ti ọkọ àti aya, Júù máa ń kọ ketubah, ìwé ohun tí ọkọ jẹ ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì á sì fọwọ́ sí i. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ owó oúnjẹ sínú ìwé kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ẹja, n ò rí ẹja. Mo ti bá a rí àwáwí méjì. Mo ṣì ń wá ìkẹta.