Bí mo ṣe ka ìwé tí wọ́n fi ta ènìyàn 272

Bowie ní ìpínlẹ̀ Maryland ni mò ń gbé. Ọmọ Yorùbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ibẹ̀ náà ni White Marsh wà, ọ̀kan nínú àwọn oko ńlá tó ti wà lọ́wọ́ àwọn fadá Jésúìtì, ẹgbẹ́ kan nínú Ìjọ Àgùdà, látìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Maryland lórí. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá kí n tó gbọ́ pé wọ́n ta àwọn ẹrú tó ń ro ó.

Ìwé ìtajà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. June 19, 1838 ni wọ́n kọ ọ́. Thomas Mulledy, olórí àwọn fadá náà, ló ta ènìyàn 272 láti oko mélòó kan. Henry Johnson àti Jesse Batey ará Louisiana ló rà wọ́n. Mo ní kí n to orúkọ wọn ní ìdílé-ìdílé.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ fi kà á. Ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Orúkọ tí kò bá yé mi, màá wá lẹ́tà tó jọ tirẹ̀ nínú èyí tó ti yé mi, màá fi wọ́n wéra. Mo fa ìlà sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́ orí, ta ló bí i.

Isaac, ẹni ọdún 65, ló ṣíwájú. Charles àkọ́bí rẹ̀, 40, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Nelly ọmọ rẹ̀ obìnrin, 38. Ibẹ̀ ni mo ti gbé bírò sílẹ̀. Akọ̀wé yìí mọ ẹni tó bí ẹnìkọ̀ọ̀kan! Ó tò wọ́n bí ìgbà tí bàbá mi ń ka ìtàn ìdílé wa, owó ló sì ń tò wọ́n fún.

Owó náà, 115,000 dọ́là. Mo fi 272 pín in: ó tó 423 dọ́là lórí ẹnìkan, àgbà àtọmọ ọwọ́. Àwọn tó rà wọ́n san 25,000 sílẹ̀, ìyókù di àwìn elélèé. Ọ̀gá àwọn fadá náà ní Róòmù ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi owó yẹn san gbèsè, wọn ò sì gbọdọ̀ tú ìdílé ká. Síbẹ̀, wọ́n fi 17,000 san gbèsè Georgetown, ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. (Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún èmi náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀.)

Ìwé èrò ọkọ̀ Katharine Jackson ló kù, ọkọ̀ ojú omi tó kó nǹkan bí 130 nínú wọn láti Alexandria lọ sí New Orleans lọ́dún yẹn. Wọ́n wọn gíga wọn sínú rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo kò ṣeé fi mọ èèyàn, nítorí náà mo ń wá ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ léra, àwọn náà nìyẹn.

Àwọn tí mi ò rí, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ wọn. Ọkọ̀ mìíràn ni mò ń wá fún wọn báyìí.