Bí mo ṣe ṣe àtúntẹ̀ jọ́nà ìṣègùn ayé àtijọ́ lórí ibà Odò Ọya

Àǹtí mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì jọ lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ojú ara wọn rí ohun tí àwọn dókítà inú ọkọ̀ òkun kọ nípa kuníìnì, oògùn ibà, nígbà tí ibà ń pa òyìnbó ní ìpakúpa lórí Odò Ọya. Wọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́; ojú ìwé gan-an ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n rí. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Odò tiwa ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ inú ilé ìkàwé ìlú òyìnbó ni ìwé náà wà. Iṣẹ́ ọ̀hún ti parí báyìí, ìwé ti dọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, fún ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lọ́kàn.

Kí n tó wá ohunkóhun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní láti mọ ìwé tí mò ń wá, ìyẹn ló sì gbé mi padà sí 1841. Lọ́dún náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi onírin mẹ́ta wọ Odò Ọya: Albert, Wilberforce àti Soudan. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá wọn lọ. Wọ́n gbà nígbà yẹn pé atẹ́gùn burúkú tó ń jáde láti inú àbàtà ló ń fa ibà, torí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ tí yóò máa fọ atẹ́gùn mọ́ kó tó dé ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹ̀rọ yẹn kò dá ibà dúró. Nínú òyìnbó 145, ibà dá 130 dùbúlẹ̀, àwọn tó kú kò sì dín ní 40. Ó dé ìgbà kan tí kò sí ẹni tó lè dúró nídìí ẹ̀rọ Albert mọ́. Dókítà ọkọ̀, James McWilliam, ló bọ́ sídìí títukọ̀, William Stanger tó jẹ́ onímọ̀ nípa òkúta sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ, títí wọ́n fi jáde sókun. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì yìí kì í kúrò lọ́kàn mi: aláìsàn kún inú ọkọ̀, ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú wọn ló tún ń wa ọkọ̀.

Dókítà mìíràn nínú ìrìn àjò náà, T. R. H. Thomson, ń lo kuníìnì lójoojúmọ́ lórí odò, ara rẹ̀ sì le. Ìgbà tó padà dé England, tó dáwọ́ oògùn náà dúró, ni ibà wá mú un. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú The Lancet, jọ́nà ìṣègùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ní London, ní 1846. Oògùn náà kì í ṣe tuntun nígbà yẹn. Pelletier àti Caventou ti yọ ọ́ lára èèpo igi sìnkónà ní Paris láti 1820. Ohun tó pẹ́ kí wọ́n tó gbà ni pé kéèyàn máa lò ó ṣáájú, kí ibà má bàa ráyè wọlé rárá. Alexander Bryson, dókítà àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹnu mọ́ ọn jù. Ó sọ nípa ọkọ̀ North Star ní Sàró, pé ogún ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ń mu èèpo igi náà pẹ̀lú wáìnì lójoojúmọ́, ọ̀gá wọn kan ṣoṣo tó kọ̀ ọ́ sì ni ibà mú. Ní January 1854, ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sínú Medical Times and Gazette. Lọ́dún yẹn kan náà ni Dókítà William Balfour Baikie gbé ọkọ̀ Pleiad gba Odò Ọya wọ Odò Bẹ́núè, tó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì. Òyìnbó 12 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Gbogbo wọn ló padà láàyè. Crowther tún wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ìrìn àjò méjèèjì ṣe.

Mo wá fi ẹ̀kẹta kún ti Thomson àti Bryson: ìwé tí Dókítà Ronald Ross kọ láti Íńdíà sínú British Medical Journal ti 18 December 1897, nípa ohun tó rí nínú ikùn ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ alárùn ibà. Láìsí ti Ross, àwọn ọmọ á ka ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àbàtà tán, wọn ò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Mo pinnu pé mi ò ní gé ojú ìwé méjì-mẹ́ta yọ. Odidi ìtẹ̀jáde ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ Thomson kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni ti Bryson, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá rí wọn láàárín ìròyìn ilé ìwòsàn London, lẹ́tà àwọn dókítà tó ń bá ara wọn jiyàn, àti ìkéde ikú, á mọ bí ọ̀rọ̀ ibà tiwa ṣe kéré tó lójú wọn.

Wíwá rẹ̀ kò le. Ìwé tó pẹ́ tó báyìí kò sí lábẹ́ àṣẹ oníǹkan mọ́, ẹnikẹ́ni ló lè tún un tẹ̀. Orí Internet Archive, HathiTrust àti Wellcome Collection, tí wọ́n jẹ́ ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti rí The Lancet àti Medical Times. Ti British Medical Journal tún rọrùn jù, torí gbogbo rẹ̀ láti 1840 ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí PubMed Central. Ti The Lancet àti Medical Times, ẹ má fi orúkọ àpilẹ̀kọ wá wọn, torí ìdìpọ̀ olóṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ya àwòrán wọn. Ẹ wá ọdún àti nọ́ńbà ìdìpọ̀, kí ẹ wá lọ sí atọ́ka tó wà nínú ìdìpọ̀ náà. Wọ́n fara balẹ̀ ṣe atọ́ka láyé ìgbà yẹn. Tí ẹ bá rí i tán, ẹ má gba PDF kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Lórí Internet Archive, ẹ wá àwòrán JP2 tó tóbi. Ó máa ń jẹ dátà gan-an, mo mọ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwòrán rèé. Àǹtí mi ti kọ́kọ́ ra àtúntẹ̀ ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ó rẹwà. Inú rẹ̀ kò ṣe é kà. Ẹni tó ṣe é jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka àwòrán náà di lẹ́tà, ó sì tẹ ohun tí kọ̀ǹpútà kà bẹ́ẹ̀ láìwò ó. The Lancet ní òpó ọ̀rọ̀ méjì lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè ka ìlà àkọ́kọ́ òpó òsì kó sì bọ́ sí òpó ọ̀tún láìdúró, ọ̀rọ̀ aláìsàn kan á wá wọ inú ọ̀rọ̀ aláìsàn mìíràn.

Ìyẹn ṣì kéré sí ti ìwọ̀n oògùn. Àwọn dókítà ìgbà yẹn ní àmì tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n. Gíréènì ló kéré jù, ó tó nǹkan bíi mílígíráàmù 65. Ogún gíréènì ni scruple kan, scruple mẹ́ta ni drachm kan, drachm mẹ́jọ ni áńsì kan. Àmì drachm nìyí: ʒ. Ti áńsì nìyí: ℥. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ìlà kékeré kan lókè ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìlọ́po mẹ́jọ sì ni ìlà yẹn túmọ̀ sí nínú ara aláìsàn. Tí kọ̀ǹpútà bá dé ibẹ̀, á ka ʒ sí 3, á ka ℥ sí 3 tàbí 5. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e náà, ij ni wọ́n fi ń kọ méjì, ss ni wọ́n fi ń kọ ìdajì. Torí náà, ʒij tó jẹ́ drachm méjì lè di 3ij, ẹni tó bá sì ń kà á kò ní mọ̀ bóyá mẹ́ta ni, bóyá méjì ni, bóyá drachm ni, bóyá áńsì ni. Nínú ìwé ìtàn àròsọ, irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé ìṣègùn, ọ̀rọ̀ gan-an ló sọnù yẹn.

Àwòrán pàápàá lè tanni. Ní 2013, David Kriesel ní Jámánì fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan tó ń ya àwòrán ìwé ń pa nọ́ńbà dà: 6 ń di 8. Kí fáìlì má bàa tóbi, ẹ̀rọ náà máa ń mú àmì méjì tó jọra bí ọ̀kan, á sì gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Ó ń mọ́ kedere lójú, kò sì rí bí èyí tó bàjẹ́. Nítorí èyí, mi ò fi JBIG2, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ yẹn lò, fún fáìlì mi pọ̀ rárá, mo sì wá ẹ̀dà kejì láti ilé ìkàwé mìíràn fún gbogbo ojú ìwé tí ìwọ̀n oògùn bá wà. Mo ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fẹ̀ wọ́n tóbi, mo sì ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sókè. Ibì kan wà nínú ìtẹ̀jáde 1854 tí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ bo ìdí nọ́ńbà, tí kò yé mi bóyá v (márùn-ún) ni tàbí x (mẹ́wàá). Ẹ̀dà kejì mọ́ níbẹ̀: v ni. Iṣẹ́ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ni mi ò lè gbé fún ẹlòmíràn ṣe.

ScanTailor, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi tún àwọn ojú ìwé ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń pín ojú ìwé méjì sọ́tọ̀, ó ń mú èyí tó wọ́ tọ́, ó sì ń ṣe etí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tó ti ń pa àmì tóótòòtó rẹ́. Ẹ fi í sí èyí tó kéré jù tàbí kí ẹ pa á pátápátá, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti àmì ìdánudúró, àmì ìdánudúró sì lè jẹ́ ohun tó ya nọ́ńbà méjì sọ́tọ̀. Lẹ́tà lásán, mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun ní 600 dpi (tóótòòtó 600 nínú íńṣì kan). Àwòrán tí wọ́n fín, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe rí.

Mo kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá síwájú. Ọ̀kan ṣàlàyé àwọn àmì ìwọ̀n, ó sì sọ pé èèpo ẹ̀yìn àti ìpolówó ọjà kò sí níbẹ̀, torí àwọn tó di ìwé náà pọ̀ láyé ọjọ́un ti ya wọ́n dànù. Èkejì jẹ́ ìkìlọ̀. Inú ìwé ìgbà yẹn kún fún kálómẹ́lì, tó ní mẹ́kúrì nínú, wọ́n sì ń sọ nípa fífa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ibà ń ṣe. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ìwọ̀n oògùn kankan nínú ìwé yìí tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ lò lónìí. Àǹtí mi ní kí n tún un kọ ní lẹ́tà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣómolú ní Èkó ni mo gbé e lọ fún títẹ̀. Bàbá tó máa ń di ìwé níbẹ̀ wo fáìlì lójú fóònù mi.

“Ọmọ mi, gọ́ọ̀mù ni àbí òwú?”

“Òwú ni, Bàbá. Orí tábìlì ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí kà, mo fẹ́ kó ṣí dáadáa.”

“Ojú ìwé ẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ òwú, ó gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin.”

“Mo ti fi ojú ìwé òfìfo dí i lẹ́yìn, sà.”

Wọ́n mú bébà kan, wọ́n ká a síbìí, wọ́n ká a sọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ibi tó ti ká wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdún ni fọ́nrán bébà gbà, ẹ̀yìn ìwé sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé á máa wú. Bébà gírámù 80 aláwọ̀ ìpara, tí kò funfun jù, la lò. Funfun báláú máa ń jẹ́ kí àbàwọ́n àtijọ́ hàn jù. A ká abala mẹ́rin mẹ́rin papọ̀, èyí tó fún wa ní ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ní ìdì kọ̀ọ̀kan, Bàbá sì fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ẹ̀rọ fa àwòrán náà gùn láti bá bébà mu. Ẹ rí i pé ẹ sọ ọ́, torí wọ́n máa ń ṣe é láìbéèrè.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbà, mo sì lọ jókòó tì í pẹ̀lú fáìlì kí n tó ní kí wọ́n tẹ ìyókù. Àmì ʒ àti ℥ hàn ketekete, ìlà kékeré yẹn ò sọnù níbì kankan. Àǹtí mi ti ní kí àwọn ọmọ yí gbogbo gíréènì inú ìwé Thomson àti Bryson padà sí mílígíráàmù, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ojú ìwé òfìfo tó wà lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn sì ti béèrè ìwé tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ nípa ìrìn àjò 1854, èyí tó jáde ní 1855. Mo ti rí i lórí Internet Archive. Òun ni mo fẹ́ mú bọ́ sórí ScanTailor lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.