Bí ẹ ṣe lè padà jókòó sí ìdánwò ICAN lẹ́yìn tí ẹ bá fìdí rẹmi

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà, láti Pósítọ́fíìsì sí Tanke ní Ìlọrin, nígbà tí mo ṣí èsì mi lórí fóònù. Nínú ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Nàìjíríà, ìwé kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún mi ní ìpele kejì tí wọ́n ń pè ní Skills, ìyẹn Financial Reporting, ó sì tún gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mi ò ní nǹkan kan í ṣe, mo sì fẹsẹ̀ rìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo yege. Ohun tí mo ṣe láàárín ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo nílò rẹ̀. Akáńtáǹtì ni mí, ICAN ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé nọ́ọ̀sì tàbí agbẹjọ́rò tí ìdánwò tirẹ̀ gbé ṣubú yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ má ṣí ìwé

Ẹ jẹ́ kó dùn yín. Ẹ sunkún bí ẹkún bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún àwọn ará ilé kí wọ́n tó bi yín, torí ìròyìn kì í sùn nínú agbo ilé, ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń pa irú nǹkan báyìí mọ́ sì ń gba agbára tó yẹ kó fi kàwé. Mo pe màmá mi ní Ọ̀mù-Àrán. Mo ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ káalẹ́ mà. Ìdánwò yẹn, ìwé kan ṣì ṣẹ́kù. Oṣù Kọkànlá ni n ó tún un ṣe." Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọ̀sán kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa tún un ṣe kún ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ́ kí ìjíròrò gùn.

Wọn á ní kí ẹ máa ṣe àdúà. Ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá sọ pé ọ̀tá ilé ló dì yín lọ́wọ́, ẹ má gbà á sétí. Ẹni tó bá ti gbà pé ọ̀tá ló ṣe é kò ní padà yẹ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ wò mọ́, ibẹ̀ sì ni oògùn wà.

Ohun kan rèé tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kéré. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oúnjẹ ò lọ, tí oorun ò wá, tí nǹkan kan ò wù yín mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé ẹ tilẹ̀ ń rò ó pé ó sàn kí ẹ má sí láyé, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè Òsé ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Aláàárẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe wèrè.

Ẹ wá ibi tó ti ń jò

Bí òrùlé bá ń jò, a kì í wó ilé. A máa ń dúró nínú yàrá nígbà tí òjò ń rọ̀, ká wo ibi tí omi ti ń kán. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ilé ni mo wó. Mo ra ìwé tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, mo fi oṣù méjì ka ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí màá fi dé ibi tí mi ò mọ̀, ọjọ́ ti lọ.

ICAN máa ń gbé ìwé kan tó ń jẹ́ Pathfinder jáde lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì wọn. Ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń fò kọjá ni ìjábọ̀ olùyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí àwọn tó jókòó ṣe ṣe sí nínú ìbéèrè náà, àti ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣìnà.

Ẹ wá Pathfinder ti ìdánwò tí ẹ fìdí rẹmi nínú rẹ̀ gan-an. Ẹ jókòó, kí ẹ tún kọ ohun tí ẹ rántí pé ẹ kọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíírò pupa máàkì í bíi pé iṣẹ́ ẹlòmíì ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo máàkì tó sọnù, ẹ kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: "mi ò mọ̀ ọ́n", "mo ṣi ìbéèrè kà", "àkókò ò tó".

Mo ti dá ara mi lójú pé "mi ò mọ̀ ọ́n" ló máa kún ìwé mi. Irọ́ ni. "Àkókò ò tó" ló kún un. Ìbéèrè tó ní ká da ìṣirò ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ mọ́ ti ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gba ohun tó ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ lọ́wọ́ mi, torí òkè àti ìsàlẹ̀ kò dọ́gba, mo sì ń wá ìyàtọ̀ náà kiri. Ìwà ọ́fíìsì ni. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìwé tí kò bá dọ́gba kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì. Nínú ìdánwò, ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá tọ̀nà ló ń gba máàkì tirẹ̀, bí àpapọ̀ ò tilẹ̀ dọ́gba. Mo fi ìbéèrè odindi kan sílẹ̀ láìkọ nítorí ìyàtọ̀ kékeré kan.

Àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó kọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣi ìbéèrè kà ni, ẹ máa fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe gan-an: bí wọ́n bá ní kí ẹ gba àwọn alákòóso nímọ̀ràn, ìṣirò nìkan kò tó. Ti àkókò, aago ló ń wò ó sàn.

Bó bá jẹ́ pé Taxation ló ṣẹ́kù

Ẹ má gbára lé nóòtì àtijọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ òfin yìí, wọn ò gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó-orí lé lórí lọ́dún. Consolidated relief allowance, ìyẹn iye tí wọ́n máa ń yọ kúrò nínú owó tó wọlé kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, tí gbogbo wa há sórí, ti kúrò. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni 20% owó ilé tí ènìyàn san lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ wo ìkéde ICAN láti mọ òfin tí wọ́n máa lò nínú ìdánwò tí ẹ fẹ́ jókòó sí.

Owó àti wákàtí

Ẹ fi owó ìforúkọsílẹ̀ sínú àjọ, kí ẹ sì bẹ aláàjọ pé kó jẹ́ oṣù tí ẹ nílò rẹ̀ ni yóò kàn yín. Èmi kì í lè kàwé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́yìn asùbáà ni mo ń kà, wákàtí kan àtààbọ̀, kí ọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú ọ̀nà Taiwo tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo pa ìwé dé, mo wá ń kọ̀wé ju bí mo ṣe ń kà lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń wá láti Ọ̀fà ní Sátidé, a ó pààrọ̀ ohun tí a kọ, a ó máàkì ara wa láìṣojúsàájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò

Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15 ni ìwé tí mo jókòó sí, ìṣẹ́jú 15 náà sì wà fún kíka ìbéèrè. Ó ku ìṣẹ́jú 180 fún máàkì 100, ìyẹn ìṣẹ́jú 1.8 fún máàkì kan. Ìbéèrè dandan tó ní máàkì 30 gba ìṣẹ́jú 54. Méjì tó ní máàkì 20 gba ìṣẹ́jú 36 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì tó ní máàkì 15 gba 27 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ aago tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ parí síwájú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Bí aago bá ti kọjá, ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn. Máàkì 50 ni ẹ ń wá láti yege.

Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ìṣirò mi kò tún dọ́gba. Ìṣẹ́jú 54 ti pé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí ojú ewé tuntun.