Bí hepatitis B ṣe yọ sí mi lójijì, àti bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀

Ìyàwó mi lóyún, wọ́n ní kí n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwa ọkọ ní ọsibítù. Mo ti ká apá aṣọ sókè tán kí ọmọ láàbù yẹn tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a ò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ yín o." Ó na sítíríìpù sí mi, ìlà méjì, èkejì ò tiẹ̀ hàn dáadáa. Hepatitis B, kòkòrò tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà. Èmi tí nǹkan kan ò ṣe! Ojú ò pọ́n, ìtọ̀ ò pọ́n, oúnjẹ ń wọlé bó ṣe yẹ.

Màmá mi gbọ́, ó di ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ike àgbo méjì fi dé. Mo ní mo ti mu ún (irọ́ ni, Ọlọ́run á dárí jì mí), torí dókítà ti ní ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa yanjú ohun tá a bá gbé mì, tí ara òun fúnra ẹ̀ ò bá sì yá, àgbo téèyàn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè dá kún un. Ọtí náà, ó ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Èmi rò pé wọ́n á kàn kọ oògùn ni, àṣé test ló kù. LFT, ìyẹn test tó ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe sí, ló kọ́kọ́ wá, ALT mi (ohun tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀) jẹ́ 96, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 40 wálẹ̀. Wọ́n ṣe scan, mi ò jẹun láàárọ̀, wọ́n da jẹ́ẹ̀lì tó tutù bíi yìnyín sí mi níkùn, "ẹ mí sínú, ẹ má tíì mí jáde," ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ò tíì le, a dúpẹ́. Viral load, test tó ń ka iye kòkòrò yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, ló gbọ́n àpò mi gbẹ, owó ẹ̀ ju owó ilé mi oṣù kan lọ. 46,000 ni iye kòkòrò tó gbé jáde.

Síbẹ̀ dókítà ò fún mi lóògùn. Ó ní ara àgbàlagbà míì máa ń lé e lọ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ká wò ó ná. Tèmi ò lọ, ALT náà ò wálẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kọ tenofovir 300 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, wọ́n sì yẹ kíndìnrín wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan, mo gbàgbé oògùn sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, àfi bíi pé kí dókítà na mí, ó ní téèyàn bá já a jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò yẹn lè dìde padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ò ní in, ó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tó pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ gba tiẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Viral load tí mo ṣe kẹ́yìn, wọn ò rí nǹkan kan. Sítíríìpù ṣì ń fa ìlà méjì o, torí ńṣe ni oògùn yìí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lé e jáde. Màmá mi ló ń fóònù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ báyìí, "ṣó o ti lo kóró yẹn?" Àmọ́ wọ́n ṣì gbà pé àgbo àwọn ló ṣiṣẹ́.